Ìrọ̀rí Tí Télọ̀ Rán fún Aláròyé

Kò sí ẹni tó ń pe télọ̀ náà lórúkọ mọ́. Má-dà-á-nù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ láìjanpata, nítorí kò rí àbùkù kankan nínú orúkọ náà. Bí bọ́tìnnì bá já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ lónìí, tí o wá a títí tí o kò rí i, lọ bá a. Yóò wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, yóò rọra dìde, yóò sì fa agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ tábìlì. Bọ́tìnnì tó já lára ẹlòmíràn nígbà tí ìwọ ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni yóò fi rọ́pò rẹ̀ fún ọ, yóò sì bá a mu rẹ́gí. Síìpù tó ti kọ̀ tí kò padé mọ́, ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ti kán, ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n wá ibi ìsinmi fún.

Gbogbo èyí, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àgékù aṣọ. Kò sí télọ̀ tí àgékù kì í kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó bá ti gé aṣọ tán. Àwọn tó kù máa ń gbá a jáde nírọ̀lẹ́. Tirẹ̀, àpò ló máa ń kó o sí. Ó ní kò sí èyí tí kò ní wúlò lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kan náà ló kàn jẹ́ pé kò tíì dé.

Yàrá mẹ́ta ni ilé rẹ̀. Ti iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti kọjú sí títì. Ti àárín ló ń sùn sí. Ti ẹ̀yìn, èyí tó kéré jù, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, ni ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí láti fi ọwọ́ ká etí aṣọ, kó sì rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí ìyàwó náà kú, àpò àgékù kan wọ yàrá yẹn bí àlejò tó ní òun ò ní pẹ́. Kò pẹ́ tó fi pe ẹ̀gbọ́n, tó pe àbúrò, tó pe àna. Nígbà tí à ń wí yìí, wọ́n ti ga dé ojú fèrèsé, oòrùn sì ti ṣíwọ́ àbẹ̀wò.

Nígbà ayé ìyàwó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí lọ, tí eruku ti bo gbogbo nǹkan, tí òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà á ní bọ́tìnnì ti tán. Á rán ọkọ rẹ̀ lọ sí ọjà kan tó wà ní òdìkejì ìlú. Ó máa ń ya télọ̀ lẹ́nu pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí ni bọ́tìnnì náà máa ń parí. Bó bá padà dé nírọ̀lẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọ̀tún wo òsì.

"Ìyá ọmọ mi, ó dà bíi pé ilé yìí fẹ̀ sí i."

"Ebi ló ń pa yín. Ẹ jókòó kí ẹ jẹun."

Á jókòó, á jẹun, á sì gbà pé ebi ni. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti lọ, kò sí ẹni tó tún sọ fún un pé bọ́tìnnì tán.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ọmọ náà ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ẹni tó fẹ́ kọlu ògiri sọ̀rọ̀. Òun ló bí Aláròyé, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Aláròyé lè bi ọ́ ní ìbéèrè láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi ìdáná, kó sì fúnra rẹ̀ dáhùn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kí o tó la ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Bí àyà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, tí èémí kò rọ́nà gbà mọ́, á dákẹ́. Ikọ́ fée ni dókítà pè é. Nínú ẹbí tiwọn, bí ọmọ bá ń pariwo, ọkàn àgbà balẹ̀. Bó bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń sáré.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó wá sùn lọ́dọ̀ bàbá àgbà, lórí ibùsùn tó wà láàárín àwọn àpò nínú yàrá ẹ̀yìn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó fi dákẹ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti lo ìyókù ìsinmi náà.

"Kí ló wà nínú yàrá tó sùn sí?" ni dókítà béèrè.

"Aṣọ díẹ̀ ni," ni télọ̀ dáhùn.

Ọmọ rẹ̀ kàn wò ó. Ọ̀nà ilé ló ti wá sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn, pé díẹ̀ tó ga dé fèrèsé kì í ṣe díẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi gígùn wá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá mi, mi ò fẹ̀sùn kàn yín o. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọkọ̀ jáde láàárọ̀, mi ò lè gbé ọmọ jókòó sẹ́yìn ẹni tí kò tíì mọ bíréèkì. Ọ̀dọ̀ yín ló fẹ́ wá, òun ló ń sọ tàárọ̀ tọ̀sán. Bí ilé yìí bá ṣì rí báyìí, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni n ó gbé e lọ."

"Ibẹ̀ jìnnà."

"Ó jìnnà. Ilé wọn mọ́."

Ìyá ọkọ náà, ènìyàn dáadáa ni. Ohun tó sì ń dun ènìyàn nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí náà nìyẹn: kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ fi bú u.

"Sátidé tó ń bọ̀," ni ọmọ rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "màá mú un wá kó wá sun oorun ọ̀sán. Oorun ọ̀sán lásán. Bí àyà rẹ̀ kò bá súfèé, ọ̀dọ̀ yín ni á ti lo ìsinmi. Bó bá súfèé, Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

Kò tíì kúrò ládùúgbò tí télọ̀ fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù.

Àǹtí Wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi tọ́jú ilẹ̀ àti ibùsùn ní ilé ìwòsàn, títí tó fi fẹ̀yìn tì, a sì gbọ́ pé àwọn dókítà pàápàá máa ń yọ bàtà bí wọ́n bá fẹ́ gba ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló dé, pẹ̀lú garawa méjì, àkísà rẹpẹtẹ, àti gèlè àtijọ́ kan tó fi di imú. Kò mú ìgbálẹ̀ dání.

"Àǹtí mi, ìgbálẹ̀ ńkọ́?"

"Ìgbálẹ̀ gbígbẹ kì í lé eruku, jíjí ló ń jí i. Á fò lọ sókè, á sinmi, ọ̀la á padà wá kí ẹ. Àkísà tí a rẹ sómi tí a fún dáadáa ló ń mú un. Ṣí fèrèsé. Kì í ṣe ẹyọ kan, tọ̀tún tòsì, kí atẹ́gùn rí ibi wọlé kó rí ibi jáde. O ti sé ilé mọ́lẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè."

Ilẹ̀ ni télọ̀ fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òkè. Bí o bá nu ilẹ̀ tán kí o tó kan àjà, o máa nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o ò sì lọ́mọ ọ̀dọ̀. Yàrá kan ni a ó ṣe tán ká tó wọ òmíràn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, orí òkìtì ló máa sùn."

Ó gorí àga. Ó mú àpò ìrọ̀rí àtijọ́ kan, ó ki apá fáànù bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ ọwọ́, ó sì rọra fà á wá. Gbogbo eruku tó ti ń jó lókè láti ìgbà pípẹ́ wọ inú àpò lọ, kò sí èyí tó bọ́ sórí ibùsùn. Wọ́n fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, wọ́n sì bá àwọn ẹ̀dá kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n rò pé àwọn ló ni ilé. Wọ́n gbé fóòmù jáde sínú oòrùn, wọ́n nà án títí tí kò fi ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lára mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ẹrù. Àǹtí Wọ́ọ̀dù fi ẹsẹ̀ pín àgbàlá sí mẹ́ta. Ìhín ni èyí tó ń gbé ilé. Ọ̀hún ni èyí tí ẹlòmíràn lè lò. Èyí tó kù, ó ń lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi lórí ohunkóhun tí télọ̀ bá gbé jáde.

"Kí ni iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù yìí nílé yìí?"

"Ó ti kú, Àǹtí."

"Ó yẹ ká ti sin ín. Àwọn páálí yìí ńkọ́?"

"Mo ní bóyá a máa kó lọ sílé mìíràn lọ́jọ́ kan."

"Aáyán ti kó lọ ṣáájú yín. Wò wọ́n, àtọmọ àtìyá. Inú páálí ni wọ́n fẹ́ràn jù, eruku ara wọn sì burú fún àyà ọmọ yẹn. Bàtà yìí?"

Bàtà obìnrin ni, ti ẹsẹ̀ òsì.

"Ìkejì rẹ̀ ni mò ń wá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ìyá ọmọ mi ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá a."

Àǹtí Wọ́ọ̀dù gbé bàtà náà dání fún ìgbà díẹ̀. Kò sọ ọ́ sínú òkìtì kankan. Ó rọra gbé e lé orí fèrèsé, ó sì nu ìdí rẹ̀.

Nígbà tó kan àwọn àpò inú yàrá ẹ̀yìn, ó tú ẹnu ọ̀kan, ó sín, ó tún sín, ó sì dúró kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí ni iṣẹ́ ìwọ̀nyí?"

Télọ̀ fi ọwọ́ kan ẹnu àpò náà. "Wọ́n ń dúró ni."

"Dúró de ta ni?"

Kò lè sọ ọ́. Nínú àwọn àpò yẹn, pọ̀ mọ́ ti oníbàárà, ni àgékù gbogbo aṣọ tó rán fún ìyàwó rẹ̀ wà, láti èyí tó kọ́kọ́ rán fún un nígbà tí wọn ò tíì fẹ́ra, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ wọn ìbàdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu òun. Bó bá ki ọwọ́ bọ àpò, àtàǹpàkò rẹ̀ á mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láìwò. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi gèlè di imú.

"Ilẹ̀ ti ń ṣú," ni Àǹtí Wọ́ọ̀dù wí. "Bí mo bá dé lọ́la, ohunkóhun tí kò bá níṣẹ́ nínú yàrá yìí á jáde. Ọmọ ló máa sùn síbẹ̀, kì í ṣe àgékù. Bí òjò bá sì wá bá wọn níbẹ̀, ọ̀rinrin á wọ̀ wọ́n, dúdúdúdú kan á máa hù lára ògiri, ìyẹn tún burú fún àyà ju eruku lọ. O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Iṣẹ́ ni Àǹtí ní kí àgékù náà ní. Òun wá ni télọ̀, ta ló tún lè wáṣẹ́ fún aṣọ? Kí ìrọ̀lẹ́ tó parí, ó ti jókòó sídìí àwọn àpò, ó ń ṣà. Ti oníbàárà, ó kó o síta fúnra rẹ̀, láìbojú wẹ̀yìn. Ti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló yọ sọ́tọ̀, ó ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì mú aṣọ funfun tuntun kan tó ti ń fi pamọ́ de ìlò gidi. Ìrọ̀rí ló rán. Ó ki àgékù náà sínú rẹ̀ títí tó fi yó, ó rán ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ká etí rẹ̀. Bí ọba bá fẹ́ fi orí lé nǹkan, ojú rírán yẹn kò ní dójú ti ẹnikẹ́ni.

Kò pè é ní ẹ̀tàn. Orí àyà ìyá àgbà ni ọmọ náà á fi orí lé, ohun tó ń rò nìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń kọrin sínú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu ya Àǹtí Wọ́ọ̀dù. Yàrá ti ṣófo. Àwọn àpò ti wà níta, nínú òkìtì tó ń lọ.

"Àbúrò mi, ara rẹ dá ṣáṣá?"

"Ó dá, Àǹtí."

"Èyí ńkọ́?" Ó ti rí ìrọ̀rí náà.

"Mo rán an fún ọmọ."

Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo ojú rírán rẹ̀. "Ó rẹwà. Ó wúwo díẹ̀."

"Bí ìrọ̀rí gidi ṣe ń rí nìyẹn."

Obìnrin náà kò jà á níyàn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni tirẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ ni ti àbúrò rẹ̀, láti kékeré sì ni wọ́n ti pín in bẹ́ẹ̀. Wọ́n fọ ògiri, wọ́n fọ kọ́tínnì, wọ́n nu ojú fèrèsé, oòrùn sì padà wọ yàrá náà bí ẹni tó ti lọ ìrìn àjò. Oògùn ìfọlẹ̀ kan ṣoṣo ni Àǹtí Wọ́ọ̀dù gbà kí wọ́n lò. Nígbà tí télọ̀ fẹ́ da òmíràn mọ́ ọn kó lè lágbára, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá da méjì pọ̀, èéfín rẹ̀ á lé olúwarẹ̀ gan-an jáde kó tó kan aáyán.

Sátidé dé. Aláròyé wọlé tòun tìbéèrè.

"Bàbá àgbà, níbo ni àwọn àpò lọ? Ṣé wọ́n bínú ni? Ta ló ni bàtà orí fèrèsé? Kí ló dé tó jẹ́ ẹyọ kan? Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni ẹni tó ni ín? Ìrọ̀rí mi rèé? Èmi nìkan ni mo ni ín?"

"Ìwọ nìkan."

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rìn yí yàrá ká, ó fi ìka ra ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo ìka náà. Ìka mọ́. Ẹ̀rín tó rín nígbà náà, télọ̀ kò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ dùbúlẹ̀, ó sì fi ojú tẹ ìrọ̀rí náà dáadáa. Télọ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ibùsùn. Ìyá ọmọ àti Àǹtí Wọ́ọ̀dù wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ.

Aláròyé sọ̀rọ̀ títí ojú rẹ̀ fi pa dé. Ó dákẹ́. Oorun ni, ni télọ̀ sọ fún ara rẹ̀. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ọ, tín-ín-rín, bí ìgbà tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àyà ọmọ ń súfèé.

Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó gbé e jáde sí fàráńdà, ó yọ ìgò kékeré tí dókítà fún wọn, ó fín oògùn inú rẹ̀ sí i lọ́fun, ó jókòó tì í, ó ń kà fún un bí yóò ṣe máa mí sínú, tí yóò máa mí síta, bí ẹni ń kọ́ ọ ní ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀, èémí rọ́nà. Àwọn àgbà dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn kò mọ ibi tí yóò wà. Nígbà tí ọmọ tún béèrè ìbéèrè kan, gbogbo wọn mí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá mi," ni ọmọbìnrin náà wí, "ẹ gbìyànjú. Ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ló ń lọ."

Nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀, Aláròyé yọ orí jáde. "Bàbá àgbà, ìrọ̀rí yẹn dùn. Ó ń rùn bí inú àpótí."

Ọkọ̀ lọ. Télọ̀ dúró lójú títì bí ẹni tí wọ́n gé aṣọ rẹ̀ kù.

Nígbà tó wọlé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga, nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó ti tún wo orí fáànù. Ó ti tún wo abẹ́ ibùsùn. Kò rí nǹkan kan, ó sì ti tú gèlè rẹ̀ sórí ẹsẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Mo da oògùn ìfọlẹ̀ yẹn sómi jù. Òórùn rẹ̀ ló gba ọmọ láyà. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, tí ó wá kan ọmọ tiwa, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Arúgbó ti dé, àbúrò mi."

Télọ̀ kò tíì rí i kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó báyìí rí. Ó rántí òórùn àpótí tí ọmọ wí, ó lọ síbi ẹ̀rọ, ó mú bíléèdì wá. Ó jókòó sórí ilẹ̀, níbi tí oòrùn ti wọlé, ó gbé ìrọ̀rí náà lé itan, ó sì fa ojú rírán tó fi ọgbọ́n iṣẹ́ rán yẹn ya láti ìgun kan dé èkejì. Eruku yọ jáde. Ó dìde nínú ìtànṣán oòrùn bí èéfín, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi ọwọ́ bo imú.

Àǹtí Wọ́ọ̀dù wo inú ìrọ̀rí. Ó wo àbúrò rẹ̀.

"O gbé gbogbo eruku ilé yìí, o rán an pa, o sì fi í sábẹ́ imú ọmọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Pẹ̀lú okùn létí rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti kan àgékù kan, aláwọ̀ ewé, ó sì dúró. "Èyí kì í ṣe aṣọ tí ìyàwó rẹ wọ̀ nígbà tí mò ń fẹ̀yìn tì?"

"Òun ni. Èyí ló wọ̀ lọ sí ilé ìwé ọmọ. Èyí kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ó mú òun lápá. Ó ń wọ̀ ọ́ nítorí pé èmi ni mo rán an."

Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, àgékù láàárín wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, èjìká Àǹtí Wọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Télọ̀ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Ọjà bọ́tìnnì yẹn," ló wí. "O kò fura rí?"

"Sí kí ni?"

"Bí o bá ti yí kọ́nà báyìí, ìyàwó rẹ á pè mí. Èmi ni mo máa ń wá kó àwọn àpò rẹ, àfi ẹyọ kan tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn; òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ibo lo rò pé a ti ń rí àkísà ní wọ́ọ̀dù wa? Aṣọ rẹ la fi nu ilé ìwòsàn yẹn láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọ, ó ní wàá sáré tẹ̀ lé mi wá kó wọn padà."

Télọ̀ rántí gbogbo bọ́tìnnì tó ti la ìlú já nítorí rẹ̀. Ó rántí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ọ̀tún wo òsì, àti obìnrin tó ń bu oúnjẹ, tí kò gbójú sókè.

"Ó ní ebi ló ń pa mí," ló wí.

"Ebi kọ́. Ọmọ tiyín náà, nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń wúkọ́. O ti gbàgbé? Ìyàwó rẹ kò gbàgbé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, télọ̀ gbé ìkòkò kaná. Ó se àwọn àgékù náà nínú omi ọṣẹ tó ń hó, ó ṣàn wọ́n, ó tún ṣàn wọ́n, ó sì sá wọn sórí okùn yí àgbàlá ká. Omi àkọ́kọ́ dúdú bíi tíì. Nígbà tí wọ́n gbẹ lọ́jọ́ kejì, ẹnu yà á: èyí tó ti ń pè ní àwọ̀ eérú láti ọjọ́ yìí, pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ni. Ó yan díẹ̀ nínú wọn. Ìyókù, ó gbé e lọ fún mẹkáníìkì ọ̀kánkán ilé, ẹni tó dúpẹ́ láìmọ ohun tí wọ́n fún òun. Télọ̀ dúró wò ó tó fi ọ̀kan nínú wọn nu ọwọ́. Ó dùn ún. Kò gbà á padà.

Èyí tó yàn, ìbora ló fi rán. Kò ki nǹkan kan sínú rẹ̀. Ipele kan ṣoṣo, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí èèyàn lè rí oòrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?" ni Àǹtí Wọ́ọ̀dù béèrè.

"Ìbora ọmọ. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, a ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a ó sá a sóòrùn."

Ó gbé e sí imú. Ó fà á símú gidi. "Ó ti ríṣẹ́."

Ó wá ku ẹni tó ni ọmọ. Télọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá tí ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ níwájú, ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tí òógùn ti bo ojú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Kò tíì mọ bíréèkì."

Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó gba ojú fèrèsé sọ̀rọ̀. "Ilé kọ́ ló ṣe ọmọ. Èmi ni." Ó na àpò ìrọ̀rí tó ti ṣófo náà sí i, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láìfi ti okùn etí rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ gbé àpò náà lé itan. "Aṣọ Màmá ló wà nínú ẹ̀?"

"Aṣọ màmá rẹ ni."

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. À bá jọ tọ́jú ẹ̀."

"Mo ti sè wọ́n."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Nínú omi gbígbóná. Ẹ̀gbọ́n mi fi imú yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu nǹkan kúrò lójú. Ọkùnrin ìdí ọkọ̀ rọra béèrè bóyá kí òun máa lọ.

"Ẹ tẹ bíréèkì," ló dá a lóhùn, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Ọ̀la. Oorun ọ̀sán kan péré sí i."

Lọ́jọ́ kejì, Aláròyé bi ìbora náà léèrè ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ dé àwọ̀, bàbá àgbà sì ń dá a lóhùn: èyí, ìyá àgbà wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwé ìyá rẹ; èyí, ó mú un lápá. Ojú ọmọ pa dé. Ó dákẹ́.

Télọ̀ tẹ̀ síwájú lórí àpótí. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó ń tàkúrọ̀sọ. Ó fi etí sílẹ̀ de ìró tín-ín-rín yẹn. Èémí wọlé, ó jáde. Atẹ́gùn gba fèrèsé kan wọlé, ó gba èkejì jáde. Ó ṣì ń dúró, ẹ̀rù ṣì ń bà á, nígbà tí ọmọ náà sọ̀rọ̀ láìla ojú.

"Bàbá àgbà, ẹ ò níṣẹ́ ni? Ẹ lọ ránṣọ yín, kí n lè sùn."

Ó dìde. Ó rọra fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wo ojú rẹ̀. Ó mi orí sí wọn pé àyà ọmọ kò súfèé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò sì tẹ̀ ẹ́, kí ariwo rẹ̀ má baà dé ẹ̀yìn. Àgékù kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ oníbàárà, tuntun, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó mú un. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Aṣọ náà dára. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ju àgékù náà sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó sì fi ọmọrí dé e kí ọkàn rẹ̀ má baà yí padà.